Abẹ́rẹ́ Ikọ́ Àwúbì Tí Mo Gbé Kiri Abà

Omi dídì ni mo gbé kiri títí mo fi fẹ̀yìntì. Bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ ìwòyí, ẹ̀rín ni wọ́n máa ń rín. Sàkírù, ọmọ àbúrò mi, tó ń kàwé ní kọ́lẹ́ẹ̀jì nílùú wa Ìlá Ọ̀ràngún níbí, tiẹ̀ bẹ̀ mí lọ́jọ́ kan pé, "Bàbá, bí àwọn ọ̀rẹ́ mi bá wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún wọn pé òṣìṣẹ́ ìlera ni yín." Mo ní irọ́ kọ́, òṣìṣẹ́ ìlera ni mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò gún ẹnikẹ́ni lábẹ́rẹ́ rí. Iṣẹ́ tèmi ni kí n tọ́jú abẹ́rẹ́ àjẹsára kó má bàjẹ́, kí n sì gbé e dé ọ̀dọ̀ ọmọ tó fẹ́ gbà á. Láti olú ìlú ìpínlẹ̀ tí oògùn ti ń wá, títí dé itan ọmọ ọwọ́ kan nínú abà lẹ́yìn Ọ̀rà, ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà lójú ọ̀nà tí kò ní jẹ́ kí oòrùn jẹ oògùn náà. Èmi Làmídì ni ẹni náà. Nítorí Sàkírù àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọn kò tíì mọ iṣẹ́ tí wọn yóò yàn ni mo ṣe jókòó ròyìn tèmi.

Bí mo ṣe wọ iṣẹ́ kò gba àlàyé púpọ̀. Mo jáde girama, ẹ̀gbọ́n bàbá mi mọ ẹnì kan, wọ́n gbà mí. Owó oṣù rẹ̀ ń bọ́ni, kì í yóni. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ọ̀gá mi ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Bàbá Oyèwọlé ni, ọmọ Ìrèsì, ọkùnrin kúkúrú kan tí ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè. Òun ló ń ṣọ́ yàrá tí à ń kó abẹ́rẹ́ sí. Fìríìjì oníkẹrosíìnì la ń lò nígbà náà, nítorí iná mọ̀nàmọ́ná kò ṣeé gbọ́kàn lé. Ẹ má rò pé fìríìjì yẹn kàn ń tutù fúnra rẹ̀. Iná kékeré kan ló ń jó nísàlẹ̀ rẹ̀ bí àtùpà, iná náà ló sì ń mú òkè tutù. Bí ọwọ́ iná bá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, èéfín ti wọ ọ̀nà rẹ̀ nìyẹn. Ó gbọ́dọ̀ jó ní àwọ̀ aró. Láàárọ̀, kí n tó jẹun, n ó wo tẹmómítà. Nírọ̀lẹ́, kí n tó lọ sílé, n ó tún un wò. N ó gé orí òwú iná kó dọ́gba. Oṣù bíi mélòó kan ni mo fi ṣe kìkì ìyẹn, n kò tíì fọwọ́ kan ìgò oògùn kan ṣoṣo.

"Ọ̀gá," mo bi í lọ́jọ́ kan, "ìgbà wo ni n ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gan-an?"

Ó wò mí. "Èyí tí o ń ṣe yìí, kí ni o pè é?"

Nọ́ọ̀sì kan wà lọ́dọ̀ wa tó ra ẹja tútù lọ́jọ́ ọjà, tó sì rọra tì í sínú fìríìjì náà kó má bàa bàjẹ́. Nígbà tí Bàbá Oyèwọlé rí i, kò pariwo. Ó mú ẹja náà nírù, ó gbé e lọ sórí tábìlì obìnrin náà níwájú gbogbo àwọn aláboyún tó jókòó, ó ní, "Ẹ kú ọjà o, Mà. Ẹja yín ti gba àjẹsára." Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó tún ṣí fìríìjì yẹn bí kò bá nídìí. Ó máa ń sọ pé gbogbo ìgbà tí ènìyàn bá ṣí i lásán, òtútù ọmọ ọlọ́mọ ló ń jí.

Nígbà tó yá ló kọ́ mi ní ohun tó ya mí lẹ́nu jù lọ. Mo ti rò pé bí oògùn bá ti ń tutù sí i ló ń dára sí i. Ó ní rárá. Abẹ́rẹ́ tó ń dènà ikọ́ àwúbì, ooru ń pa á, dídì náà ń pa á. Ikọ́ àwúbì ni ikọ́ tí ọmọ máa ń wú láìdákẹ́ títí tí yóò fi bì. Ó kó ìgò méjì wá, ọ̀kan tó ti dì rí àti ọ̀kan tí kò dì rí. Ó gbọn méjèèjì, ó gbé wọn kalẹ̀ síwájú mi.

"Wò wọ́n. Má sọ̀rọ̀."

Mo wò. Omi inú ọ̀kan funfun bí omi ọ̀gì, ó dúró bẹ́ẹ̀. Nínú ìkejì, funfun náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ sí ìdí ìgò, omi mímọ́ sì kù sókè.

"Èwo ló ti kú?"

Mo tọ́ka sí èyí tó sọ̀ kalẹ̀. Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ọjọ́ náà ló tó fún mi ní kọ́kọ́rọ́ yàrá.

Sístà Folúkẹ́ ni nọ́ọ̀sì tí a jọ ń rìn. Òun ló ń gún ọmọ, èmi ló ń gbé àpótí oògùn tí omi dídì wà nínú rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ la kọ́kọ́ ń gùn, kí wọ́n tó fún wa ní alùpùpù. A ó dé abà, wọn yóò tẹ́ ẹní sábẹ́ igi obì, àwọn ìyá yóò sì kó ọmọ wá. Bí a bá parí, n ó pín omi dídì tó kù nínú àpótí fún àwọn ọmọdé. Ẹ wo ariwo! Àwọn kan yóò fi sẹ́nu, àwọn kan yóò fi lé orí, wọn yóò máa jó. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ mí ní Bàbá Oníyìnyín, nígbà tí n kò tíì bí ọmọ kankan.

Sístà mọ̀ ọ́n sọ. Ìyá kan bi í pé, "Ara ọmọ mi le, kí ló dé tí ẹ fi fẹ́ gún un?" Ó ní, "Ìyá, bí olè bá ń bọ̀ nílùú, ṣé ìgbà tó bá wọlé tán lẹ máa tó fi ojú rẹ̀ han ọdẹ ni? Abẹ́rẹ́ yìí ló ń fi ojú olè han ọdẹ tó wà lára ọmọ. Lọ́jọ́ tí olè bá dé, ọdẹ ti mọ̀ ọ́n." Ó máa ń ṣàlàyé fún wọn pé ara ọmọ lè gbóná díẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, itan lè wú díẹ̀, kí wọ́n má bẹ̀rù. Ó sì máa ń tẹnu mọ́ ọn pé ọmọ gbọ́dọ̀ gbà á ní ìgbà mẹ́ta: nígbà tó bá pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá àti ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá. Ẹni tó gba ẹyọ kan, ọdẹ rẹ̀ kò tíì mọ olè dáadáa.

Àmọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà náà, ọmọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pé e. Ohun tí mo fẹ́ sọ báyìí dá lé èyí.

Ọdún kan wà tí ọyẹ́ mú kọjá bó ṣe máa ń mú. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo wo tẹmómítà. Òtútù fìríìjì náà ti kọjá ààlà. Bàbá Oyèwọlé yọ àwọn ìgò náà, ó gbọ̀n wọ́n, ó gbé wọn kalẹ̀. A jọ dúró, a ń wò wọ́n. Gbogbo wọn sọ̀ kalẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì ló yẹ kí a lọ sí Abà Olóbì, abà àwọn oníṣu àti olóbì kan tó jìnnà sí ojú títì. Àwọn ìyá ibẹ̀ ti ń retí wa.

"Ọ̀gá," mo ní, "ṣé kò lè ṣiṣẹ́ díẹ̀ lára wọn ni?"

"Bí a bá fi omi lásán gún ọmọ wọn, wọn yóò lọ sílé pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀. Wọn kò ní padà wá mọ́. Ó sàn kí wọ́n mọ̀ pé àwọn kò tíì gbà á." Ó kó gbogbo rẹ̀ dànù níṣojú mi.

A ránṣẹ́ pé kí wọ́n fún wa ní òmíràn. Kò tètè dé. Kò sẹ́ni tó jókòó tẹtẹrẹ lórí iṣẹ́. Ọ̀nà jìn, oògùn kò pọ̀, àwa nìkan kọ́ la sì ń bèèrè. Kó tó dé, ikọ́ ti ṣáájú wa dé Abà Olóbì.

Músílíù, àgbẹ̀ kan níbẹ̀, ló gun kẹ̀kẹ́ wá bá wa. Eruku bò ó dé ìpéǹpéjú. "Ẹ gbà wá o. Àwọn ọmọ wa ń wúkọ́, wọn kò lè mí. Bí wọ́n bá wú u tán, wọn yóò fa èémí bí ọmọ àkùkọ tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ."

Sístà Folúkẹ́ wo ọ̀gá. Ọ̀gá gbé fìlà rẹ̀. "Gbogbo wa ló ń lọ."

Láti ẹnu ọ̀nà abà la ti ń gbọ́ ọ. Ọmọ ọdún mẹ́ta, ọmọ ọdún márùn-ún, wọ́n tẹ̀ kọdọrọ, wọ́n ń wú u, ojú wọn pọ́n, omi ń dà lójú wọn. Sístà ń fún wọn lóògùn, ó ń sọ fún àwọn ìyá bí wọn yóò ṣe máa fún wọn lómi díẹ̀díẹ̀. A kò pẹ́ dé ilé Músílíù fúnra rẹ̀. Ìyá àgbà tó bí Músílíù ló jókòó lórí àpótí ìjókòó, tó gbé ọmọ tuntun lé ẹsẹ̀, tó ń fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ̀ ẹ́. Ọmọ náà kò tíì pẹ́ tí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ. Bí ìyá àgbà ṣe ń wẹ̀ ẹ́ ló ń wúkọ́.

"Ó ti pẹ́ tí ẹ ti ń wúkọ́ yìí, Ìyá?" Sístà bi í.

"Eruku ọyẹ́ ni, ọmọ mi. Ikọ́ àgbà kì í ṣe nǹkan."

Sístà gba ọmọ náà lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́. Ọmọ náà kò tiẹ̀ wúkọ́. Ohun tí n kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ nìyẹn: ọmọ tuntun kì í sábà ní agbára láti wú ikọ́ náà. Èémí rẹ̀ kàn máa ń dúró ni. Ètè rẹ̀ dúdú lójú wa, Sístà fọwọ́ pa á lẹ́yìn, ó tún mí.

Èmi ni mo gbé Ràlíátù, ìyàwó Músílíù tó bí ọmọ náà, sẹ́yìn alùpùpù, tòun tọmọ. Mo sá eré tí n kò sá rí lójú ọ̀nà yẹn. Ó ń sọ létí mi pé, "Ó ń mí. Ó ń mí, Bàbá Oníyìnyín." Nígbà tí a fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ Ìlá, ó dákẹ́. N kò bi í léèrè. Mo ń sáré lọ. A dé ilé ìwòsàn, wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ṣe ohun tí wọ́n lè ṣe. Kò bọ́ sí i.

Àwọn ọmọ yòókù yè, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ṣùgbọ́n ikọ́ náà pẹ́ lára wọn.

Nígbà tí a lọ kí wọn, ìyá àgbà di ọwọ́ ọ̀gá mi mú. "Níbo ni ọmọ yẹn ti kó o? Kò jáde nílé rí."

"Inú afẹ́fẹ́ ló ń gbé, Ìyá," ni ọ̀gá wí. "Ó ti kárí abà."

Lójú ọ̀nà, n kò lè pa á mọ́ra. "Ọ̀gá, ẹ̀yin mọ ibi tó ti kó o."

"Mo mọ̀."

"Ẹ ò sì sọ fún un."

"Ó ti sin ọmọ ọmọ rẹ̀. Kí ni kí n tún gbé lé e lórí?"

Ṣùgbọ́n nígbà tí oògùn dé, tí a padà lọ, ó ní kí gbogbo àgbà abà péjọ, tọkùnrin tobìnrin. Ó ní ààbò ọmọ tí kò tíì tó gba abẹ́rẹ́, ara àwọn tó yí i ká ló wà. Bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá ti gbà á, ikọ́ kò ní rí ọ̀nà gba ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó ní àgbà pàápàá máa ń kó ikọ́ àwúbì, nítorí agbára abẹ́rẹ́ tí a gbà léwe máa ń dín kù lára bó bá pẹ́. Lára àgbà, ó lè jọ ikọ́ lásán. Ẹni tó bá ń wúkọ́, kó má gbé ọmọ tuntun, kó jẹ́ kí ẹlòmíì wẹ̀ ẹ́. "Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́," ó ní. "A ti ń sọ ọ́ láti ọjọ́ pípẹ́."

Ìyá àgbà wà níbẹ̀. Mo ń wo ojú rẹ̀, n kò rí nǹkan kà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà títí tó fi kú, gbogbo ìgbà tí mo bá dé Abà Olóbì, òun ni mo máa ń bá ní ìdí igi, pẹ̀lú gbogbo ọmọ ọwọ́ abà tó ti kó jọ dè mí. Bí ìyá kan bá ní òun ń lọ sóko, yóò ní, "Oko kò sá lọ." Bóyá ó mọ̀, bóyá kò mọ̀, n kò lè sọ.

Nǹkan yí padà lójú mi. Fìríìjì oníkẹrosíìnì lọ, ti oníná dé, tòun ti jẹnẹrétọ̀ tó ń mu epo bí ẹni mu omi. Lẹ́yìn náà ni a gba èyí tó ń lo oòrùn. Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e dé: oòrùn tí mo fi gbogbo ọjọ́ ayé mi sá fún, òun ló wá ń mú oògùn tutù! Abẹ́rẹ́ náà di ìdènà àrùn márùn-ún nínú ẹyọ kan, ọmọ kì í gba gígún púpọ̀ mọ́. Àmì kékeré kan sì wà lára ìgò báyìí tó ń dúdú bí ooru bá ti bà á, ẹni tó ríran lè mọ̀ bóyá ó ṣì dára. Ṣùgbọ́n ti dídì, a ṣì máa ń gbọn ìgò. Bàbá Oyèwọlé kò rí fìríìjì oòrùn kó tó kú. Mo mọ ohun tí ì bá sọ: "Nu ojú rẹ̀ nù, eruku ti ń bá a."

Nítorí náà, Sàkírù, bí o bá ń wá iṣẹ́ tí wọn yóò ti máa pàtẹ́wọ́ fún ọ, má ṣe èyí. Ọmọ tí ikọ́ kò mú, kò sẹ́ni tó ń wá dúpẹ́ lórí rẹ̀. Ìyá rẹ̀ pàápàá kò mọ̀ pé nǹkan kan fò ó ru. Ìwọ nìkan lo máa mọ̀, ní ìrọ̀lẹ́, tí o bá ń fọ àpótí rẹ.

Mo ti fẹ̀yìntì nígbà tí Mùínátù, ọmọ mi obìnrin, lóyún nílùú òyìnbó. Ìyá rẹ̀ ni yóò lọ bá a tọ́jú ọmọ. A ti ra ọṣẹ dúdú, a ti lọ èlùbọ́, ìyá ń dá orin kọ kiri ilé. Ni Mùínátù bá pè lórí fóònù.

"Ìyá mi, ẹ má bínú o. Àwọn nọ́ọ̀sì níbí ní kí ẹni tó bá máa gbé ọmọ gba abẹ́rẹ́ méjì kó tó wá, ti ikọ́ àwúbì àti ti ọ̀fìnkìn líle. Èmi náà ti gba tèmi nínú oyún, kí ọmọ lè bá ààbò wáyé."

Ìyá rẹ̀ fi fóònù lé mi lọ́wọ́. Kò kọrin mọ́. Lẹ́yìn oúnjẹ ló yíjú sí mi.

"Bàbá Mùínátù, ṣé àrùn ni mí ni? Mo tọ́ ọmọ mẹ́rin, gbogbo wọn ń bẹ. Èmi ni wọ́n fẹ́ gún kí n tó fọwọ́ kan ọmọ ọmọ mi?"

"Kò sẹ́ni tó pè ọ́ ní àrùn."

"Ọ̀fìnkìn ńkọ́? Ta ni ọ̀fìnkìn pa rí?"

Mo sọ fún un pé èyí tí wọ́n ń wí kọ́ ni imú tó ń dà lásán. Ibà rẹ̀ máa ń dá àgbàlagbà dùbúlẹ̀, ó lè wọ àyà ọmọ ọwọ́, ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà kò sì lè gba abẹ́rẹ́ tirẹ̀. Àrùn náà máa ń pààrọ̀ aṣọ lọ́dọọdún, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbà á lọ́dọọdún lọ́hùn-ún. Lọ́dọ̀ wa níbí, kò sí lára èyí tí mo gbé kiri. Ó kó àwo oúnjẹ kúrò níwájú mi. Ọjọ́ mélòó kan kọjá bẹ́ẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ kan, ó ń bó ẹ̀gúsí, mo jókòó tì í, mo sì sọ ti Abà Olóbì fún un. N kò sọ ọ́ fún un rí, pẹ̀lú gbogbo ọdún tí a ti fẹ́ ara wa. Mo sọ ti omi ìwẹ̀, mo sọ ti Ràlíátù lẹ́yìn mi lórí alùpùpù. Ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Ìyá àgbà yẹn, ó fẹ́ràn ọmọ náà?"

"Ó fẹ́ràn rẹ̀ gan-an ni."

Ó tún mú ẹ̀gúsí kan, ó bó o. "Ṣé ó máa ń dunni púpọ̀? Láti ìgbà oyún àbíkẹ́yìn wa, ẹnikẹ́ni kò gún mi mọ́."

A lọ sí ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ìbàdàn, ibẹ̀ la ti rí méjèèjì lẹ́yìn tí a ti bèèrè káàkiri. Ó bi dókítà bóyá abẹ́rẹ́ ọ̀fìnkìn lè kó ọ̀fìnkìn ran òun. Dókítà ní rárá, apá lè dùn ún, ara rẹ̀ lè gbóná díẹ̀, yóò lọ. Ó ní ó lè má dènà gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n bí àrùn náà bá dé, kì í sábà ṣe ẹni tó gbà á bó ṣe ń ṣe ẹni tí kò gbà á. Èmi náà ká apá aṣọ mi. Ìyàwó mi wò mí, ó ní, "Ẹ̀yin náà ń bẹ̀rù," ó sì di ọwọ́ mi kejì mú.

Ó ti wà lọ́hùn-ún, Mùínátù sì ti bímọ, nígbà tí wọ́n pè mí lórí fóònù onífídíò. Mùínátù ló gbé fóònù. Ọmọ náà dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, a ti fún un ní oríkì Àbẹ̀kẹ́. Mo wo yàrá náà títí, n kò rí ìyá rẹ̀ àgbà.

"Ìyá rẹ dà?"

Mùínátù rẹ́rìn-ín, ó yí fóònù. Ìyàwó mi ló dúró ní ẹnu ọ̀nà, tó fi aṣọ bo imú, tó ká apá mọ́ àyà.

"Imú wọn ń dà láti àná," ni Mùínátù wí. "Mo ní kí wọ́n wọlé, wọ́n kọ̀. Ìyá mi, ẹ kúkú ti gba abẹ́rẹ́."

"Abẹ́rẹ́ kò ní gbogbo ikọ́ ni òun ń lé," ó fèsì láti ibi tó dúró. "Ìwọ gbé e dáadáa. Èmi ń bá a sọ̀rọ̀ láti ibí."

Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kì í. Àbẹ̀kẹ́, ọmọ Ìgbómìnà, ó ń pè é lábẹ́ aṣọ, ohùn rẹ̀ há díẹ̀ nítorí ọ̀fìnkìn, kò sì gbé ẹsẹ̀ kan kọjá ẹnu ọ̀nà. Mùínátù yí fóònù padà sí orí bẹ́ẹ̀dì. Ọmọ náà ti yí orí, ó ń wo ọ̀nà ibi tí ohùn ti ń wá.